Fìtílà Tó Dúró Sílẹ̀

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé nínú ilé kan tí n kò ra ohunkóhun sí tí kò lè wọ inú àpótí. Ìkòkò méjì ni mo ní, àti abọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀dì àti àga tó wà níbẹ̀, ti onílé ni. Iná kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀ mi, ó so mọ́ àárín àjà, ó funfun báláú. Bí mo bá tàn án, yàrá náà á dà bí ibi tí èèyàn ti ń jókòó dúró de dókítà. Nítorí náà n kì í sábà tàn án. Mo máa ń jókòó sínú òkùnkùn títí oorun á fi dé. Ẹ má rò pé inú mi bàjẹ́ o. Inú mi kò bàjẹ́, kò sì dùn. Bí apá téèyàn sùn lé lórí ni mo ṣe rí: ó wà lára rẹ, o kàn ò mọ̀ ọ́n lára ni.

Mọ́írà, obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló bá mi gbé àpò ìrẹsì wọlé ní ọjọ́ Wẹsidé kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìgbà wo lo máa kó ẹrù ẹ dé?" ló bi mí.

Mo ní mo ti kó dé láti ọdún mẹ́sàn-án.

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá di Sátidé, òun máa mú mi lọ ra iná pálọ̀, irú èyí tó ń dúró sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Mo dáhùn pé ó dáa. Ìdáhùn mi sí gbogbo nǹkan nìyẹn nígbà yẹn.

Awóyè ni wọ́n bí mi sí, létí òkun, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Orí òpó ni ilé wa wà. Pákó ni a ń tẹ̀ nínú ilé, omi sì wà lábẹ́ pákó. Bí ẹnì kan bá rìn láti ibi ìdáná lọ sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo ilé ló máa mọ̀, nítorí gbogbo ilé ló máa mì. Kò sí ẹni tó ń gbé fìtílà sílẹ̀ nílé wa. Orí ìkọ́ ni fìtílà ń gbé. Ọmọ tó bá gbé e sórí pákó, ìgbájú ni yóò kọ́kọ́ rí gbà kó tó gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí fìtílà bá ṣubú, ilé pákó kò ní dúró kẹ́ẹ lọ bu omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí omi lẹ wà.

Iye ni a ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Iye mi ní fìtílà kan tó yàtọ̀ sí ti inú ilé. Òpó iwájú ilé, níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ló máa ń fi kọ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Bàbá bá wà lójú omi. Òfin méjì ló wà lórí fìtílà yẹn. A kì í gbé e kúrò níbi tí ẹni tó jáde ti mọ̀ ọ́n, nítorí ibi tó bá ti rí i ni yóò dorí ọkọ̀ kọ. Ẹni tó bá gbé e kúrò, ó ti ní kí èèyàn rẹ̀ lọ forí sọ òpó. Èkejì ni pé ẹni tí a tàn án dè ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ ẹ pa. Bàbá á so ọkọ̀, á gun àkàsọ̀, á ṣí gíláàsì, á fẹ́ ẹ, fúù. Lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ pé, "Mo dé o." Iye á sì dáhùn láti inú ilé pé, "Káàbọ̀." Bí kò bá tíì fẹ́ ẹ, kò tíì dé nìyẹn, ì báà ti jókòó ti oúnjẹ.

Àwọn aládùúgbò máa ń fi Iye ṣe yẹ̀yẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kò wọ́n wa níbẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn elépo ti dé ojú òkun wa ni iná gáàsì wọn ti ń jó tọ̀sán-tòru, tí ojú ọ̀run pọ́n lọ rẹrẹ. A máa ń ṣa edé lábẹ́ iná yẹn láìtan nǹkan kan. Wọ́n á ní, pẹ̀lú gbogbo iná tó wà lókè yìí, kí ni ti fìtílà?

"Uná ọ̀hún éè mọ orúkọ ẹnikẹ́ni," ni Iye máa ń dá wọn lóhùn. Iná yẹn kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ohun tó ń wí nìyẹn. Á sì tún òwú rẹ̀ ṣe, á tan tirẹ̀.

N kò ní fi ìròyìn bí mo ṣe dé òkè òkun dá yín lágara. Mo lọ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pe ilé, Mátíù àbúrò mi sọ fún mi pé Iye ti kọ́ fìtílà síta. Bàbá ti kú nígbà yẹn, àìsàn ló mú un lọ lórí ẹní rẹ̀, ó sì ti tó ọdún méjì tí fìtílà ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló ń tàn án dè?"

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí. Ó ní òkun lẹ wà."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ábádíìnì ni mo wà, ní orílẹ̀-èdè Sikọ́tíláǹdì. Ìlú epo ni òun náà, ojú òkun ni wọ́n ti ń wa epo tiwọn, nítorí náà mo retí pé ojú ọ̀run á pọ́n. Ní oṣù Kejìlá tí mo dé, mo sá aṣọ síta lẹ́yìn ilé. Nígbà tó di nǹkan bí agogo mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán, ilẹ̀ ṣú. Mo rò pé òjò ńlá ló fẹ́ rọ̀, mo sáré lọ ká aṣọ. Kò sí òjò kankan. Òtútù ti mú kí aṣọ gan paali. Nígbà tí mo gbé ṣòkòtò mi wọlé, ó dá dúró létí ògiri bí àlejò tí wọn ò tíì fún ní àga. Mo padà síta, mo ń wá iná lójú ọ̀run, n kò rí i. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Àwọn ará ibí rò pé inú òkùnkùn la ti wá. Wọn ò mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí sábẹ́ iná gáàsì kò mọ òkùnkùn rí, àfi ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti rí iṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń wa epo lójú òkun là ń fọ̀, wọ́n á kó o dé nínú àpò, tọ́ọ̀nù lórí tọ́ọ̀nù. Nígbà tí mo tú àpò àkọ́kọ́, òórùn ilé wa ló jáde. Òórùn omi Awóyè lẹ́yìn tí epo bá tú, tí ẹja bá léfòó, tí àwọ̀n Bàbá bá dúdú tí kò ṣeé dì mú. Mo dúró. Alábòójútó bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo ní ara mi yá, mo sì da aṣọ sínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ yẹn kọ́ ni nǹkan kan kú nínú mi o, kò yára tó bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń tú àpò, tí mo ń dúró díẹ̀, tí mo ń da aṣọ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, n kì í dúró mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti borí, kẹ́ ẹ má baà rò pé ẹkún ni mo wá sun. Àwọn aṣọ kan wà tí àbàwọ́n wọn kì í lọ, wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sọ ọ́ nù. Mo ní kí wọ́n fún mi ní márùn-ún níbẹ̀. Mo bu ọṣẹ ìyẹ̀fun lé e ní gbígbẹ, mo fi ọwọ́ ra á títí kí omi tó kàn án, bí Iye ṣe máa ń ṣe sí àwọ̀n. Bí omi bá kọ́kọ́ kan epo, ṣe ló máa sá wọ inú òwú. Aṣọ márààrún mọ́. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn, Mọ́írà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì mí nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Inú mi yẹ kó dùn lọ́jọ́ yẹn, mo sì rántí pé mo sọ fún ara mi pé ó yẹ kó dùn.

Ọjọ́ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe Iye. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé inú ilé wa, ẹ̀gbẹ́ òpó iwájú nìkan ló ti ń mú, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ fìtílà ni wọ́n máa ń dúró sí, Mátíù á di fóònù mú, Iye á máa pariwo sí i.

"Ọma mi, ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, Iye."

Òótọ́ ni mo sọ ní ọdún àkọ́kọ́. Ní ọdún kejì, ìrètí ni. Láti ọdún kẹta, ó ti di ìkíni lásán, bí ìgbà téèyàn bá ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iye á ní, "Ó dáa, mo ti tàn án." Màá ní ẹ ṣé. A ó wá sọ̀rọ̀ nípa iye tí wọ́n ń ta edé.

Ní ọjọ́ kejì ọjọ́ Wẹsidé tí Mọ́írà wá sílé mi, Mátíù dá nìkan pè mí láti Igbókòdá, níbi tó ti ń wa ọkọ̀ èrò.

"Àǹtí, òkun ti mú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti mú ilé Alájì ẹlẹ́ja tó wà níwájú wa. Ilé wa ló kàn. Òpó méjì ti lọ lábẹ́ yàrá Iye."

"Yàrá tí o kọ́ sí Igbókòdá ńkọ́?"

"Mo ti parí ẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, bẹ́ẹ̀dì ti wà níbẹ̀, ìyàwó mi ti ta aṣọ sójú fèrèsé. Iye ò lọ. Ó ní fìtílà wà níta."

"Ẹ gbé fìtílà náà dání."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kẹ́ ẹ forí sọ òpó ni. Àǹtí, èmi ò bá yín jà o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ fún un pé ẹ̀ ń bọ̀. Ó máa dúró dè yín títí omi á fi gbé e. Ṣé ẹ̀ ń bọ̀ lóòótọ́?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa, mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń mí.

Mo jókòó sí pálọ̀ mi láìtan iná, mo sì wá ìdáhùn náà nínú ara mi bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. N kò bọ̀. N kò mọ ọjọ́ tí mo pinnu bẹ́ẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan pàtó. N kò fẹ́ràn Ábádíìnì ju ilé lọ. Mo kàn mọ bọ́ọ̀sì tí mo máa wọ̀, mo mọ ilé ìtajà tó ní ata, orúkọ mi wà nínú ìwé àwọn dókítà. Awóyè tí mo sì ń sọ pé mò ń bọ̀ wá, omi ti gbé ìlàjì rẹ̀ lọ. Kí ló wá ń dá ẹnu mi dúró? Ìdí ni pé ẹni tí kò bọ̀ wálé mọ́, tí kò sì tíì dé ibì kankan, òkú omi là ń pè é lọ́dọ̀ wa. Bí mo bá sọ fún Iye pé n kò bọ̀, ó máa béèrè ibi tí mo gúnlẹ̀ sí, kí ni mo sì fẹ́ fi hàn án? Ìkòkò méjì?

Ní Sátidé, Mọ́írà mú mi lọ sí ilé ìtajà kan tó kún fún ohun èlò pálọ̀. Ọkùnrin arúgbó kan tó ní irunmú ńlá ló ń tà á. Ó ní àwòṣe àtijọ́ ni gbogbo iná òun. Mo bi í bóyá wọ́n ti lò wọ́n rí. Ó ní rárá, tuntun ni wọ́n, wọ́n kàn ṣe wọ́n kí wọ́n dà bí ti ayé àwọn ìyá àgbà ni. Mo wo iye tó kọ sí i lára. Ohun tí àwa ń sá fún ni wọ́n ń san irú owó yìí rà! Mọ́írà ní kí n má wo owó, kí n wo iná.

Mo wo iná. Ọ̀kan jẹ́ idẹ, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ti lékèélékèé tó ń ṣọ́ ẹja. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń wo èèyàn níwòkuwò. Òmíràn ní fìlà ńlá tí òwú ń já sílẹ̀ láti etí rẹ̀ yíká. Mo sọ fún Mọ́írà pé ó jọ ìyá ìjọ tó wá bẹ̀ mí wò, n kò sì lè máa wọ aṣọ oorun níwájú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Mọ́írà gbọ́ tí mo ṣe àwàdà, ẹnu yà á. Ẹ̀kẹta dá dúró sí igun. Ẹsẹ̀ igi mẹ́ta ló ní, wọ́n yà síra, ìbòrí aṣọ kan sì wà lórí rẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí gíláàsì tí èéfín ti fọwọ́ kàn. Mo mọ àwọn ẹsẹ̀ yẹn. Irú wọn ló gbé ilé wa dúró. Ọkùnrin náà tàn án, ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú kan sì jáde, kékeré, tó tó fún ẹnì kan.

Mo ní láti mọ̀ bóyá ó máa ṣubú. Mo sún mọ́ ọn, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, mo sì fi jan ilẹ̀, gbì! Iná náà kò mì. Mo fò sókè, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Kò mì. Tọkọtaya kan tó ń wo àga yíjú sí mi.

"Màdáàmù, ṣé kò sí nǹkan?" ni arúgbó náà wí.

"Ilẹ̀ ni mò ń dán wò."

Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. "Kọnkéré ni," ló sọ, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ téèyàn fi ń bá ẹni tó ní ìbànújẹ́ sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé kọnkéré ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń rìn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dúró níbẹ̀, mo sì rántí pé ìyá tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé mi sọ fún mi rí pé òun ò tètè mọ̀ pé ẹnì kan ti kó sókè. Jẹ́jẹ́ ni mo ń gbé ẹsẹ̀ láti ọjọ́ tí mo dé, bí ẹni tí omi wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́. A gbé e wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó sáàárín èmi àti Mọ́írà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo tàn án, mo sì pe Iye. Mo gbọ́ ìró òkun lẹ́yìn ohùn Mátíù. Ó ti sún mọ́ ilé ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

"Ọma mi, ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Iye, mo ra fìtílà."

"Ó dáa. Kí lo fi kọ́?"

"N kò fi kọ́ nǹkan kan. Ó dúró sílẹ̀."

"Sílẹ̀?" Ohùn rẹ̀ le. "O gbé fìtílà sílẹ̀? Bí ẹnì kan bá kọjá ńkọ́?"

"Kò ní ṣubú. Mo ti fi ẹsẹ̀ jan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

"Éè mì?"

"Kò mì rárá, Iye."

"Jan án kí n gbọ́."

Mo gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ fìtílà, mo sì jan ilẹ̀ ní gbogbo agbára mi, lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ìsàlẹ̀ ilé fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀, kó, kó, kó.

"Ta nìyẹn?" ni Iye béèrè.

"Ẹni tó ń gbé lábẹ́ mi ni."

"Èèyàn ló wà lábẹ́ rẹ? Kì í ṣe omi?"

"Èèyàn ni, Iye."

Mo gbọ́ òkun. Mo gbọ́ tí Mátíù wúkọ́.

"Ulẹ̀ ni nígbà náà," ló wí. Ilẹ̀ ni. Ó tún sọ lẹ́yìn ìyẹn pé, "O ò bọ̀ mọ́." Kì í ṣe ìbéèrè.

"N kò bọ̀ mọ́, Iye. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ibí ni mo gúnlẹ̀ sí."

"Kí ló dé tí o ò tètè sọ? Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ra karosíìnì!"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Pé ẹ máa pa á, n kò sì ní rí nǹkan kan wò mọ́."

Nígbà tí mo sọ ọ́ ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó dùn mí. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ó dùn mí, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń padà sínú apá téèyàn sùn lé.

"Ta ní máa pa á? Ọwọ́ mi kọ́ ni pípa rẹ̀ wà," ni Iye wí. "Mátíù, gbé fóònù yẹn sún mọ́ ọn." Mo gbọ́ tí gíláàsì ṣí, mo mọ ìró yẹn. "Ọma mi, fẹ́ ẹ."

Mo fẹ́ ẹ sínú fóònù.

"Éè kú. Ṣé o ò tíì jẹun ni? Fẹ́ ẹ dáadáa."

Mo fa èémí títí àyà mi fi ń ro mí, mo sì fẹ́ ẹ, fúù. Mátíù sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Iye ti tẹ orí rẹ̀ sún mọ́ fìtílà ní àkókò yẹn, òun ò sì lè búra pé èémí tèmi ló pa á. Ohun tí èmi gbọ́ ni pé ó ní, "Ó ti kú." Ó sì ní, "Mátíù, kó ẹní mi. Bílẹ̀ bá mọ́, ká lọ sí Igbókòdá."

Òkun ń bú lọ́hùn-ún. Fìtílà tèmi dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò mì. Mo rántí pé nǹkan kan ṣì kù tí Bàbá máa ń ṣe.

"Iye," ni mo wí, "mo dé o."

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ìlú yìí, kò sí ẹni tó kí mi káàbọ̀ rí.

"Káàbọ̀, ọma mi," ni Iye dáhùn. "Káàbọ̀."